Òdòdó Kérésì Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Bí ọdún Kérésì bá ti kọjá, tí ọdún tuntun sì ti wọlé, ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ńlá kan nítòsí Tinúbú ní ìlú Èkó máa ń rùn. A ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn. Egungun adìẹ wà nínú òórùn yẹn, àjẹkù jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni òórùn ewé tó ń rà. Òdòdó tí wọ́n rà ní ìkòkò ìkòkò ní Dìsẹ́ńbà, tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn àlejò lè máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé sínú dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n á wá da omi ọbẹ̀ lé e lórí.

Jíbrílù tó ń tọ́jú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà kì í rí i kó má tutọ́ sílẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni. Ìdí iṣu àti ìdí àgbàdo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá fa ohun ọ̀gbìn tu láìnídìí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ló dé Èkó, ó ru símẹ́ǹtì, ó pọn omi fún àwọn bíríkìlà, kó tó di pé ẹnìkan fi àlùmọ́gàjí ọlọ́gbà lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ogójì ọdún ó dín díẹ̀, ewé ló ń bá sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Èèyàn kò tilẹ̀ wù ú bá sọ̀rọ̀ mọ́, pàápàá àwọn tó ń wọ súùtù gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, tí ìdọ̀tí wọn ń gba ẹ̀yìn jáde. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," Jíbrílù máa ń wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Òun ló sì ń kó o.

Òdòdó tí à ń sọ yìí, ẹ ti rí i rí. Ewé rẹ̀ tó wà lókè ló máa ń pọ́n bí ata rodo nígbà tí Kérésì bá ń bọ̀, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì tutù minimini. Àwọn tó ń tà á máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé bó bá ti pọ́n, tó sì wọ́ ewé, ayé rẹ̀ ti pin. Irọ́ gbuu ni. Bí a bá gé e kù ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, tí a gbé e síbi tí oòrùn ti ń kàn án, tí a ń bomi rin ín níwọ̀nba, á tún hù, á tún pẹ̀ka, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jíbrílù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi máa ń ru. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti dà wọ́n nù tán, á ká apá ẹ̀wù sókè, á ti ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù náà, ìdin á máa rìn lọ́wọ́ rẹ̀, á máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kó wọn sínú bàrò, á tì wọ́n lọ sí Olówógbowó, àwọn èèyàn á máa yà fún un nítorí òórùn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé tó ń gbé ní Olówógbowó, ilé àna rẹ̀ sì ni. Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló mú un wọ ibẹ̀. Nígbà tí Hàlímọ̀ kú, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ, nítorí ó mọ̀ pé ilé àna kì í ṣe ilé baba ẹni. Àlàájà Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n Hàlímọ̀, tó jẹ́ àgbà agbo ilé náà, ló ní kó tú ẹrù.

"Jókòó," Àlàájà wí. "Ta ni yóò máa bomi rin àwọn ewé rẹ? Ṣé èmi ni?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó fi ṣe ìpinnu pé òun ò ní tọrọ nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, kí wọ́n má baà sọ pé àna ti ń sọ ara rẹ̀ di onílé.

Fún ọdún púpọ̀, òdòdó tó ń kó wálé ń hù dáadáa, ṣùgbọ́n kì í pọ́n. Tútù ló ń wà láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà. Ó yí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ padà, ó gbé e sóòrùn, ó gbé e sí ibòji. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Adìẹ Morufat ló wá kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Morufat, ìyàwó ọmọ Àlàájà, ní àwọn òròmọdìẹ kan tó ń sìn ní ìdí ògiri àgbàlá. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Màgàríbì, á kó wọn jọ, á fi apẹ̀rẹ̀ ńlá dé wọn, á tún fi àpò dúdú bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ológbò. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á ṣí i. Ìkòkò òdòdó kan wà ní ìdí ògiri yẹn tí kò rójú gbé kúrò, ó ń dé e mọ́ àwọn adìẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí Dìsẹ́ńbà dé, ìkòkò kan ṣoṣo yẹn pọ́n fòò. Jíbrílù jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. Ó wo òdòdó, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo gílóòbù tó máa ń tàn ní àgbàlá láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó wá yé e. Òkùnkùn ni ohun tí òdòdó náà ń fẹ́. Iná tí à ń tàn lé e lórí ni kì í jẹ́ kó mọ̀ pé àsìkò ti tó.

Ó sọ ọ́ dòfin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkítóbà, á fi páálí dé wọn ní Màgàríbì, á ṣí wọn ní Àsùbáà, oṣù méjì gbáko, láìjẹ́ kí iná kàn wọ́n rárá. Ẹni tí kò bá wọn ṣe Kérésì rí láyé rẹ̀ wá di ẹni tó ń fi ìrun ṣe aago fún òdòdó Kérésì. Morufat fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ni. "Bàbá Bilqis," á ní, á fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, "ó ku kẹ́ ẹ kọ́ wọn ní àlùwàlá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di Jánúárì ọdún tó kọjá, nígbà tí Tèmilọlá, ọ̀gá tó ń mójú tó ètò ilé-iṣẹ́ náà, gba ẹ̀yìn ilé kọjá, tó sì ká Jíbrílù mọ́ ibi tó ti ki orí bọ dúrọ́ọ̀mù. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ohun tí ẹ dànù ni, mà. Wọn ò tíì kú."

Obìnrin náà kò ṣe bí àwọn yòókù. Ó dúró, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gílóòbù àti apẹ̀rẹ̀ adìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà kì í fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún, pé ó máa ń kó òun nírìíra.

"Tí ẹ bá lè mú kí ọgbọ̀n ìkòkò pọ́n kó tó di December," ó wí, "a ò ní ra tuntun mọ́. Tiyín la ó máa lò lọ́dọọdún. Tí a bá ti ṣe Kérésì tán, ẹ ó kó wọn padà sílé. Nothing goes into that drum again."

"Ṣé ẹ ó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mà?"

"Bàbá, I promise."

Jíbrílù gbà á gbọ́. Kí ni ì bá ṣe? Ohun tó ti ń wù ú láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ẹlòmíràn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un: kí dúrọ́ọ̀mù yẹn wà ní òfìfo ní Jánúárì, kí òórùn yẹn tán. Ọgbọ̀n ìkòkò ló dúró láàárín òun àti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìkòkò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi apẹ̀rẹ̀ adìẹ dé. Páálí rẹ̀ kò tó, kò sì sí ibi tó lè gbà wọ́n nínú ilé náà lóru àfi abẹ́ àtẹ̀gùn, tí á máa kó wọn jáde sóòrùn ní Àsùbáà, ibẹ̀ sì ni gílóòbù tí gbogbo ilé fi ń ríran gun òkè wà. Ó di dandan kó tọrọ. Ó wọ yàrá Àlàájà, ó dọ̀bálẹ̀, ojú ń tì í.

"Kí wọ́n má tan iná àtẹ̀gùn fún oṣù mélòó?" Àlàájà bi í.

"Oṣù méjì, Àlàájà."

"Torí òdòdó àwọn onígbàgbọ́?"

"Torí kí wọ́n má dà á nù mọ́ ni. Wọ́n ti ṣèlérí."

Àlàájà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Yàrá rẹ̀ wà lókè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn náà sì ga ní ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún. Morufat fò sókè pé kò ṣeé ṣe, pé Màmá á ṣubú. Àlàájà ní kó panu mọ́. Ó ní òun ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn kí wọ́n tó bí Morufat, ẹsẹ̀ òun mọ̀ ọ́n ju ojú òun lọ. Ó ní kí wọ́n tú gílóòbù náà fún òun. Ó fi gèlè àtijọ́ kan wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i fi síbẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni NEPA yàn láti máa mú iná wá. Gbogbo àdúgbò ń tàn yànranyànran, àtẹ̀gùn ilé Àlàájà nìkan ló ṣú dùdù. Àwọn ará ilé ń fọwọ́ tá ògiri gùnkè, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ìgbésẹ̀, àlejò ń dé, ó ń bú ẹni tó mú òun wá. Jíbrílù ń gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀, ara rẹ̀ ń sún kì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àlàájà ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó sì forúnkún gbá etí àtẹ̀gùn. Orúnkún náà wú bí ẹ̀bà. Jíbrílù sáré gòkè, ó ní kí wọ́n fún òun ní gílóòbù náà, òun ò ṣe mọ́.

"Ṣé wọ́n ti pọ́n?" Àlàájà bi í, ó ń fi òróró para lẹ́sẹ̀.

"Rárá o, Àlàájà."

"Lọ kó wọn wọlé nígbà náà. Màgàríbì ti fẹ́ wọlé."

Ní àárín oṣù Nòfẹ́ńbà, ìlà pupa kan yọ létí ewé ìkòkò tó wà níwájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dìsẹ́ńbà wọlé, ọgbọ̀n náà ló pọ́n pátá, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù. Bàrò lọ, ó bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn ará àdúgbò ń jáde wá wòran. Ní ilé-iṣẹ́, Tèmilọlá pàtẹ́wọ́, ó ya fọ́tò, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Jíbrílù tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó bomi rin wọ́n, ó sì rìn lọ sílé bí ọkọ ìyàwó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹran méjì.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ òórùn ọ̀dà láti ẹnu géètì. Ó rò pé wọ́n ń kun ògiri ni. Nígbà tó dé iwájú ilé, ó bá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olúbùnmi, oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé wá, pẹ̀lú agolo ọ̀dà lọ́wọ́, tó ń fọ́n ọn sórí àwọn ewé. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ó ti fọ́n ọn sára ìkòkò mẹ́rìnlélógún, ó ku mẹ́fà. Ó fi ìbòmú bo imú ara rẹ̀ dáadáa kí ọ̀dà náà má baà wọ̀ ọ́ nínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Theme tọdún yìí, gold and white ni. Red ò bá a mu." Ó yí ìkòkò kan síhà ọ̀dọ̀ Jíbrílù. "Ẹ wò ó, ṣé ẹ rí i pé ẹwà ló bù sí i?"

Jíbrílù wò ó. Ewé ti lẹ̀ mọ́ ewé. Ọ̀dà ń ṣàn sílẹ̀ lára igi rẹ̀, ó ń kán sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì tún ti wọ́n nǹkan wínníwínní kan tó ń dán lé e. Ó ti rí ìdin nínú dúrọ́ọ̀mù wọn, ó ti fọwọ́ kó ìrẹsì tó ti kan, kò sì sí èyí tó rí i lára tó èyí. Ìdin ń jẹ ohun tó ti kú ni. Kí ni ẹni tó kun ohun tó ń mí ní ọ̀dà ń jẹ?

Ó lọ bá Tèmilọlá ní ọ́fíìsì.

"Bàbá, ẹ má bínú," obìnrin náà wí kó tó la ẹnu. "Head office ló yan theme. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún decorator kí n tó bá wọn sọ̀rọ̀."

"Tó bá di January, mà, níbo ni wọ́n ń lọ?"

Tèmilọlá wo fóònù rẹ̀. "Wọ́n ti bàjẹ́ báyìí, àbí? Àwọn cleaner á kó wọn."

"Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Decorator á mú tuntun wá. They've signed already. Bàbá, mo gbìyànjú o."

Jíbrílù wo orí tábìlì tí kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, ó jáde. Àwa tó ń sọ ìtàn yìí ì bá ti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ ní ilé àna máa ń mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Kò lè sọ ọ́ nílé. Àlàájà ní òun fẹ́ lọ wo òdòdó òun. Òun ló pè é bẹ́ẹ̀, òdòdó òun. Jíbrílù ní oòrùn ti mú jù. Lọ́jọ́ kejì, ó ní àlejò pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò rí irọ́ kankan pa mọ́, nítorí nígbà tó gbójú sókè nídìí iṣẹ́ lẹ́yìn ìrun Àìlá, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti dúró níwájú ilé-iṣẹ́, Morufat sì ń di Àlàájà lápá mú sọ̀ kalẹ̀. Àlàájà ti wọ léèsì. Ó ń fẹsẹ̀ kan tiro.

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Jíbrílù, tiwa dà?"

"Òun lẹ ń wò yẹn, Àlàájà."

"Ike ni mò ń wò."

Àlàájà sún mọ́ ìkòkò kan, ó fọwọ́ pa ewé rẹ̀ lára, ewé náà sì ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fọ́n òmíràn lé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò tíì gbẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìka mẹ́ta ti di wúrà. Ó wò ó, ó pòṣé, ó wo Jíbrílù, ó tún pòṣé. Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Wọ́n ń pe ìrun Àsárì nígbà náà. Jíbrílù mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kí Àlàájà lè ṣe àlùwàlá. Omi ń ṣàn lórí ìka mẹ́ta yẹn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò. Ó fi èékánná họ ọ́, kò kúrò.

"Àlùwàlá ò tíì sí," Àlàájà wí. "Omi ò dé awọ."

Jíbrílù lọ gbé kẹrosíìnì tó fi ń nu àlùmọ́gàjí rẹ̀ wá. Morufat ki àkísà bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dà náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì, títí awọ fi yọ. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ìka mẹ́ta péré ni tèmi," Àlàájà wí. "Àwọn yẹn, gbogbo ara ni. Níbo ni omi fẹ́ gbà dé ara wọn?"

"Ewé ni wọ́n kùn, Àlàájà," Jíbrílù wí. "Igi abẹ́ rẹ̀ ò tíì kú. Bí mo bá gé e lónìí, á yè. Bó bá fi máa di January nínú ọ̀dà yẹn, ó ti parí."

"Kí ló wá dá ọ dúró?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Àlàájà ṣe àlùwàlá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Jíbrílù ṣíwájú wọn, wọ́n kírun pẹ̀lú òórùn dúrọ́ọ̀mù nímú. Nígbà tó sálámà tán, kò jókòó ṣàdúà. Ó dìde, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gba iwájú ilé lọ.

Ó gé ti àkọ́kọ́ kù ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Oje funfun bí wàrà sú yọ lójú ibi tó gé, ó ń kán sórí tááìsì tó ń dán. Jíbrílù rí oje yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó gé ìkejì. Ó gé ìkẹta. Ó ti gé mọ́kànlá nígbà tí Tèmilọlá sáré jáde.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe? Àlejò ń bọ̀!"

"Ohun tí ẹ ó ṣe ní January náà ni, mà. Mo kàn ń ṣe é ní ọ̀nà tí wọn ò fi ní kú ni."

"Ohun tí ilé-iṣẹ́ ni lẹ ń bàjẹ́ yẹn o!"

"Rárá, mà. Ẹ ti dà wọ́n nù. Inú dúrọ́ọ̀mù yín ni mo ti kó wọn, ẹ̀yin náà rí mi níbẹ̀. Ẹ fi imú yín pamọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Tèmilọlá wo àyíká, ó rí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ léèsì, tó ń wò ó láìṣẹ́jú, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ẹ má wá lọ́la. Ẹ má wá mọ́ rárá."

"Mo ti gbọ́, mà," Jíbrílù wí. Ó gé ìkejìlá.

Ó gé ọgbọ̀n náà pé. Gbogbo orí aláwọ̀ wúrà náà, ó gbá wọn jọ, wọ́n pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rò pé ó fẹ́ kó wọn lọ sẹ́yìn ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ti ń ṣí ọ̀nà fún un. Jíbrílù kò lọ sẹ́yìn. Ó kó wọn jọ pelemọ sí àárín ẹnu ọ̀nà iwájú, níbi tí àwọn onísúùtù ń gbà wọlé, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kó ìkòkò rẹ̀ sínú bàrò.

Ó lọ, ó bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn ará àdúgbò tún jáde wá wòran, ṣùgbọ́n kùkùté ni wọ́n rí lọ́tẹ̀ yìí, kùkùté kúkúrú tó ń sun oje, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n lè sọ. Morufat pàápàá kò rí yẹ̀yẹ́ ṣe. Ó bá a gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlàájà ti gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò tó kẹ́yìn kalẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ń fọwọ́ tá ògiri bó ti ń ṣe láti oṣù méjì, ó di gèlè àtijọ́ kan mú. Ó tú u. Ó na gílóòbù náà sí Jíbrílù.

"Fi í sí i," ó wí.

Jíbrílù gun àga, ó fi í sí i. Iná tàn lórí ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún. Àlàájà dúró níbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí, ó tiẹ̀ nawọ́ sí ibi tó ti forúnkún gbá.

"Tí Òkítóbà bá dé, èmi náà ni n ó tú u," ó wí. "Ṣùgbọ́n àgbàlá yìí ni wọn ó ti pọ́n. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọ̀kan kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn."

"Àlàájà, mi ò níṣẹ́ mọ́ o."

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ṣé mo ní kí o di ẹrù?"

Wọ́n ń pe Màgàríbì. Jíbrílù na ọwọ́ sí páálí tó máa ń fi dé òdòdó, ó ti gbé e sókè kó tó rántí pé kò sí ewé tí yóò dé. Ó gbé e padà. Ó lọ sídìí omi. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ti há sábẹ́ èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ti wọ ibẹ̀ láìmọ̀ nígbà tó ń gé wọn. Ó bu kẹrosíìnì, ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tutọ́, ó ń pòṣé, ìmáàmù ti bẹ̀rẹ̀ ìrun ní mọ́sálásí, ó ṣì ń ha. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò, ó da omi sí ọwọ́, omi náà sì dé awọ.